Láti Inú Ibòji Dé Ojú Oòrùn: Bí Àkọsílẹ̀ Ooru Wákàtí-Wákàtí Ṣe Di Ohun Tí Wọ́n Fi Ń Ṣírò Iná Sólà

Iye wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn páànẹ́lì sólà, iye inú ilé ìdánwò ni. Páànẹ́lì tí wọ́n kọ 400 sí lára yóò mú wáàtì 400 wá nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e bá tó wáàtì 1000 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sì wà ní 25°C géérégé. Ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, iná kan á kọ mànà lé e lórí, wọ́n á sì ka ohun tó mú wá kó tó ráyè gbóná. Orí òrùlé kò rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn tó lágbára tó yẹn kì í jẹ́ kí páànẹ́lì wà ní 25°C, àfi ní ilẹ̀ tí òtútù bá mú gan-an. Ní ọ̀sán gangan nílùú bí Ìbàdàn, sẹ́ẹ̀lì inú páànẹ́lì lè gbóná dé 60°C, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì ń pàdánù nǹkan bí ìdá 0.3 sí 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lórí dìgírì kọ̀ọ̀kan tó bá fi ju 25 lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí páànẹ́lì yóò mú wá láàárín ọdún kan gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe gbóná tó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí oòrùn fi wà lókè. Kò sì sí bí a ṣe lè fi tẹmómítà sára páànẹ́lì tí a kò tíì rà. Ohun tó wà nílẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ìgbóná afẹ́fẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ń kọ bọ̀ ọjọ́ pẹ́, inú ibòji sì ni tẹmómítà tí wọ́n fi kọ ọ́ máa ń wà. Tẹmómítà ń sá fún oòrùn, páànẹ́lì ń wá a kiri. Bí àwọn ènìyàn ṣe rí ọ̀nà gbà láti ibòji yẹn dé ojú oòrùn ni ìtàn ìṣirò yìí.

Àkọsílẹ̀ náà dàgbà ju sólà lọ dáadáa. Kó tó di ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná tó ní aago mẹ́ta òru ní láti dìde lórí ibùsùn lọ wò ó. Ní nǹkan bí ọdún 1780 ni James Six, ará Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe tẹmómítà kan tó ń fi àmì sílẹ̀ níbi tí ìgbóná ga dé àti ibi tó lọ sílẹ̀ dé, kí ẹni tó ni ín lè sùn kó sì wá wò ó láàárọ̀. Tẹmómítà yẹn dùn ún lò débi pé ó dá ìṣòro kan sílẹ̀: ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, nọ́ńbà méjì péré lójúmọ́, ti òkè pátápátá àti ti ìsàlẹ̀ pátápátá, ni àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ń kọ sílẹ̀ fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì kò sí nínú ìwé.

Thomas Stevenson, ẹnjiníà ilé iná etíkun ní Scotland tó tún jẹ́ bàbá òǹkọ̀wé Robert Louis Stevenson, ló ṣe àpótí funfun alálàfo tí a ṣì ń rí ní ibùdó ojú ọjọ́ títí dòní. Ní 1864 ló ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé. Afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, oòrùn kò sì lè kan tẹmómítà inú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìgbóná tí wọ́n kọ ní Glasgow àti èyí tí wọ́n kọ ní Èkó ti lè jẹ́ ohun kan náà, torí pé irú ibòji kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́. Àǹfààní ńlá ni fún ìmọ̀ ojú ọjọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣírò sólà lónìí ṣì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ san gbèsè ibòji ọ̀hún.

Kíkọ ìgbóná sílẹ̀ láìsinmi bẹ̀rẹ̀ ní Kew, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni Francis Ronalds ti lo fọ́tò ní 1845 láti máa ya bí tẹmómítà àti barómítà ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn tí Robert FitzRoy, ọ̀gá àkọ́kọ́ ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú ní 1865, ìgbìmọ̀ tó gba ipò rẹ̀ dá ibùdó méje sílẹ̀ tí wọ́n fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí: Kew, Falmouth, Stonyhurst, Glasgow, Aberdeen, Armagh àti Valentia. Láti ara ìlà tí ẹ̀rọ yà ni àwọn akọ̀wé ti ń ka iye wákàtí kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Ìjì tó ń pa apẹja lójú òkun ló jẹ wọ́n lógún, kò sí ẹni tó ń ronú iná mànàmáná láti ara oòrùn nígbà náà. Ní àwọn ọdún 1880, ilé-iṣẹ́ Richard Frères ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ tó rọrùn ju ti fọ́tò lọ: irin tó ń tẹ̀ bí ooru bá yí padà ló ń ti kálàmù oníyíǹkì, kálàmù sì ń ya ìlà sórí bébà tó wé mọ́ ìlù kan tó ń yí ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn tàn ká ayé.

Ọkọ̀ òfurufú ló sọ kíka wákàtí-wákàtí di ọ̀ranyàn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́, kì í gbé ọkọ̀ bí afẹ́fẹ́ tútù. Bí ọjọ́ bá ṣe gbóná tó ni ọkọ̀ ṣe ń sáré jìnnà tó kó tó lè gbéra. Awakọ̀ kò lè fi ìgbóná àná fò. Èyí ló fà á tí pápákọ̀ òfurufú káàkiri ayé, títí kan ti Ìkẹjà, fi ń fi ìròyìn ojú ọjọ́ ránṣẹ́ ní wákàtí-wákàtí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbẹ́ ìròyìn bẹ́ẹ̀ sára káàdì oníhò, wọ́n sì kó o jọ sí Asheville ní North Carolina láti 1951. Ẹni tó bá ń lo àkọsílẹ̀ ooru ìlú kan lónìí lè máà mọ̀ pé etí pápá tí wọ́n da ọ̀dà sí, tó jìnnà sí ilé àwọn ènìyàn, ni wọ́n ti kọ ọ́, fún àǹfààní àwọn tó ń gbé ọkọ̀ fò.

Ní ti sólà fúnra rẹ̀, Edmond Becquerel ti rí i ní Paris ní 1839 pé ìmọ́lẹ̀ lè mú iná jáde, Charles Fritts sì ṣe sẹ́ẹ̀lì sẹlẹ́níọ̀mù ní New York ní 1883, èyí tí ìdá tó ń sọ di iná nínú oòrùn kò ju nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ ilẹ̀ olóoru ni ilé ìwádìí Bell ní New Jersey. Daryl Chapin ni wọ́n ní kó wá iná tí tẹlifóònù lè máa lò níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti tètè ń ba bátìrì gbígbẹ jẹ́. Sẹlẹ́níọ̀mù ló kọ́kọ́ gbìyànjú, kò ṣiṣẹ́ tó. Ni òun, Calvin Fuller àti Gerald Pearson bá yí sí sílíkọ́nì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1954, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún oòrùn di iná han ayé. Ní 1955, wọ́n gbé e sórí òpó tẹlifóònù ní Americus, ìpínlẹ̀ Georgia. Torí ilẹ̀ olóoru ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ohun tí wọ́n sì rí gbé jáde jẹ́ nǹkan tí ooru ń dín kù.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Inú sẹ́ẹ̀lì, ìmọ́lẹ̀ ń tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀, ààlà àárín sílíkọ́nì oríṣi méjì sì ń dà wọ́n sí apá kan. Bí sílíkọ́nì bá ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń yọ́ padà gba ààlà náà kọjá ṣe ń pọ̀ sí i, fọ́ltéèjì a sì máa lọ sílẹ̀: nǹkan bí mílífọ́ltì 2 lórí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan fún dìgírì kan, lára nǹkan tí kò ju 0.6 fọ́ltì lọ. Kọ́ráǹtì ń gbérí díẹ̀ bí ooru bá pọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kéré ju ohun tó lè dí àlàfo fọ́ltéèjì lọ. Ní 1960, Joseph Wysocki àti Paul Rappaport, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí RCA, tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn bí sẹ́ẹ̀lì oríṣiríṣi ṣe ń rẹ̀wẹ̀sì bí ìgbóná bá ń pọ̀. Òfurufú òde ayé ló ń sún àwọn èèyàn ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Sátẹ́láìtì Vanguard 1 ti gbé sẹ́ẹ̀lì sólà lọ sókè ní oṣù kẹta ọdún 1958, ó sì ń ránṣẹ́ wálẹ̀ títí di 1964; irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ máa ń bọ́ sínú òjìji ayé, kó tún bọ́ síta sínú oòrùn gbígbóná, nígbà púpọ̀ lójúmọ́. Àmọ́ kò sí afẹ́fẹ́ lókè lọ́hùn-ún, kò sì sí òjò. Ìṣirò ti ilẹ̀ ayé ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń ta páànẹ́lì fún bátìrì ló kọ́kọ́ jẹ ìyà ooru. Láti fi bátìrì fọ́ltì 12 ṣe iṣẹ́, páànẹ́lì gbọ́dọ̀ lè fún un ní fọ́ltì 14 àti ààbọ̀ tàbí sún mọ́ ọn. Àwọn kan ṣe páànẹ́lì oní sẹ́ẹ̀lì 30, wọ́n ní kò ní nílò ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bátìrì, torí bí bátìrì bá ti kún ni páànẹ́lì yóò fúnra rẹ̀ dákẹ́. Ní ilẹ̀ tútù, ó ṣe é gbé. Ní ilẹ̀ olóoru, ní 60°C, ó ń pàdánù nǹkan bí fọ́ltì 2, fọ́ltéèjì rẹ̀ a sì lọ sílẹ̀ débi tí bátìrì kò ní kún láé. Sẹ́ẹ̀lì 36 ni wọ́n wá tẹ̀ mọ́: nǹkan bí fọ́ltì 17 ló ń fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìdánwò, ó sì ṣì ń ku nǹkan bí 15 bí oòrùn bá mú un gbóná. Páànẹ́lì kékeré tí wọ́n ń tà fún bátìrì fọ́ltì 12 lọ́jà Alaba ní Èkó lónìí, sẹ́ẹ̀lì 36 yẹn náà ló sábà máa ń ní. Ilẹ̀ Sàhẹ́lì wà lára ibi tí wọ́n ti tètè rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí, torí pé níbẹ̀, ní Mali, ni àlùfáà Kátólíìkì Bernard Verspieren àti ẹgbẹ́ Mali Aqua Viva ti ń fi sólà fa omi kànga ní ìparí àwọn ọdún 1970, níbi tí afẹ́fẹ́ inú ibòji gan-an lè tó 40°C.

Lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì fò sókè ní 1973, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í náwó sórí sólà orí ilẹ̀. Ní 1975, wọ́n gbé iṣẹ́ páànẹ́lì olówó pọ́ọ́kú fún Jet Propulsion Laboratory ní California, ilé-iṣẹ́ tó mọ ọ̀rọ̀ òfurufú dáadáa. Wọ́n ń ra páànẹ́lì lọ́pọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ oríṣiríṣi, wọ́n ń dán wọn wò, wọ́n sì ń padà béèrè èyí tó dára jù. Níbẹ̀ ni Ron Ross àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe afárá àkọ́kọ́ láti ibòji dé ojú oòrùn. Wọ́n ní kí wọ́n gbé páànẹ́lì síta, níbi tí oòrùn bá ti jẹ́ wáàtì 800 lórí mítà onígun mẹ́rin, tí afẹ́fẹ́ jẹ́ 20°C, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ ní mítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; kí wọ́n sì ka ìgbóná sẹ́ẹ̀lì láìjẹ́ pé iná kankan ń jáde lára rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n bá rí, tó sábà máa ń wà ní àyíká 45°C, ni wọ́n ń pè ní NOCT, ó sì ṣì wà nínú ìwé tó ń bá páànẹ́lì wá lónìí.

Agbára nọ́ńbà yẹn wà nínú bó ṣe rọrùn tó. Bí afẹ́fẹ́ 20 bá fún wa ní sẹ́ẹ̀lì 45 lábẹ́ wáàtì 800, a jẹ́ pé oòrùn fi dìgírì 25 kún un. Ohun tí oòrùn ń fi kún un sì ń lọ sókè-sódò pẹ̀lú agbára oòrùn fúnra rẹ̀. Ká ní aago kan ọ̀sán ni, afẹ́fẹ́ jẹ́ 32°C, oòrùn sì jẹ́ wáàtì 900. Oòrùn yóò fi nǹkan bí 28 kún un, sẹ́ẹ̀lì á wà ní 60°C. Ó fi 35 ju 25 lọ. Bí ìdá 0.4 bá ń sọnù lórí dìgírì kọ̀ọ̀kan, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ. Páànẹ́lì 400 tí ì bá mú 360 wá lábẹ́ oòrùn yẹn yóò mú nǹkan bí 309 wá. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí afẹ́fẹ́ jẹ́ 25°C tí oòrùn sì jẹ́ 300 péré, ohun tó sọnù kò tó ìdá 4.

Ìṣirò wákàtí kan kò ju ìyẹn lọ. Wákàtí 8760 ló wà nínú ọdún, ibẹ̀ ni téèpù kọ̀ǹpútà ti wúlò. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n kó àkọsílẹ̀ oòrùn àti ojú ọjọ́ ibùdó 26 ní Amẹ́ríkà sórí téèpù tí wọ́n pè ní SOLMET. Ní 1978, ilé ìwádìí Sandia ní New Mexico mú ọdún 1952 sí 1975 nínú rẹ̀, wọ́n sì hun ọdún kan ṣoṣo jáde fún ibùdó kọ̀ọ̀kan: oṣù kìíní láti inú ọdún kan, oṣù kejì láti inú òmíràn, èyí tó bá jọ ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ jù lọ ni wọ́n mú. Ọdún tí kò sí ẹni tó gbé inú rẹ̀ rí ni, wọ́n sì pè é ní TMY. Nínú ìdá 24 tí wọ́n fi ń yan oṣù, oòrùn ló ni 12, ìgbóná afẹ́fẹ́ ní 4, ìwọ̀n ìrì ní 4, atẹ́gùn náà ní 4. Torí ìtútù àti ìgbóná inú ilé ni wọ́n ṣe é, sólà wá bá a níbẹ̀.

Nínú téèpù wọ̀nyẹn, ìgbóná ló ṣeé fọkàn tán jù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn oòrùn ní ibùdó wọ̀nyẹn ní ọ̀dà dúdú lórí tó ń ṣá bí ọdún ti ń gorí ọdún, iye oòrùn tó sì ń kà ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé oòrùn fúnra rẹ̀ dín; wọ́n ní láti tún ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣe ẹ̀dà kejì, TMY2, ní àárín àwọn ọdún 1990 fún ibùdó 239 láti inú ọdún 1961 sí 1990, ohun tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún oòrùn inú rẹ̀ ni wọ́n fi ìkùukùu ṣírò, wọn kò fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Tẹmómítà inú ibòji ló ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìjáni kulẹ̀. Ẹ̀dà kẹta dé ibi 1020 ní 2008.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà pé wákàtí-wákàtí pọn dandan. Ní 1981, D. L. Evans ti yunifásítì Arizona State tẹ ọ̀nà kan jáde tí ènìyàn lè fi ṣírò iṣẹ́ páànẹ́lì láti inú ìpíndọ́gba oṣooṣù nìkan, lórí bébà, láìsí kọ̀ǹpútà. Ó wúlò púpọ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà wọ́n bí ojú. Àléébù ìpíndọ́gba ni pé ó ń ka òru mọ́ ọ̀sán. Ẹni tó fẹ́ mọ iye èrò tí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ń gbà kò ní ka ọjọ́ tí ọjà kò ná mọ́ ọn. Ìpíndọ́gba ọjọ́ kan lè jẹ́ 27°C nígbà tí ọ̀sán tí páànẹ́lì fi ṣiṣẹ́ jẹ́ 32. Dìgírì 5 yẹn jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún iná. Òtítọ́ ni pé ìdá 2 kò pọ̀, eruku orí páànẹ́lì lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín oṣù ọyẹ́ kan. Àwọn tó mọ ọ̀nà yìí dáadáa, Evans náà wà lára wọn, máa ń fi nǹkan díẹ̀ kún ìpíndọ́gba láti fi wo ọ̀sán nìkan. Ohun tí ìpíndọ́gba kò lè ṣe láéláé ni kó sọ wákàtí tí iná yóò dé, ìyẹn sì ni ẹni tó ń ra bátìrì ń fẹ́ mọ̀.

Wákàtí sì ní wàhálà tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í gbóná jù ní ìgbà tí oòrùn lágbára jù; ilẹ̀ ní láti gba ooru sára ná, nítorí náà aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán ni ìgbóná sábà máa ń ga dé òkè. Páànẹ́lì yóò ṣe dáadáa ní òwúrọ̀ ju ìrọ̀lẹ́ lọ lábẹ́ oòrùn kan náà. Tún wò ó: ìgbóná inú ìwé jẹ́ ti ìṣẹ́jú tí wọ́n kà á, oòrùn sì jẹ́ àròpọ̀ gbogbo wákàtí tó kọjá, nítorí náà méjèèjì kò bára dọ́gba. Ẹni tó bá gbàgbé pé aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich yóò gbé ọ̀sán Èkó sí ibi tí kò sí; oòrùn Èkó kì í dé góńgó orí ní aago méjìlá, nǹkan bí aago kan kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, torí pé ìlú náà jìnnà sí ìwọ̀ oòrùn ìlà tí wọ́n fi aago náà ṣe. Irú àṣìṣe yìí kò ṣòro ṣe, ó sì ṣòro rí, torí pé àròpọ̀ ọdún kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tí ìṣirò NOCT kò kà sí ni bí atẹ́gùn ṣe ń yí padà. Ní Sandia, M. K. Fuentes tẹ ìṣirò kan jáde ní 1987 tó ka atẹ́gùn, ooru tí páànẹ́lì ń tú sí sánmà, àti ìṣẹ́jú díẹ̀ tí gíláàsì fi ń gbóná tàbí tutù. Ètò kọ̀ǹpútà PVFORM lò ó; láti ara rẹ̀ ni ilé ìwádìí NREL ní Colorado ti ṣe PVWatts, tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìparí àwọn ọdún 1990. Láti ìgbà náà ni ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa téèpù ti lè tẹ orúkọ ìlú rẹ̀ kó sì rí iye iná oṣù méjìlá. Ní 2004, David King àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sandia kan náà gbé ìṣirò tó rọrùn jáde, tó ya páànẹ́lì orí irin tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òrùlé. Ìyàtọ̀ méjèèjì ju ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé sólà kalẹ̀ rò lọ: àlàfo díẹ̀ lábẹ́ páànẹ́lì lè mú ìgbóná rẹ̀ lọ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ dìgírì. David Faiman, tó ṣiṣẹ́ ní aṣálẹ̀ Negev, fi nọ́ńbà méjì péré ṣe tirẹ̀ ní 2008, ọ̀kan fún ooru tó ń lọ bí kò bá sí atẹ́gùn, èkejì fún ohun tí atẹ́gùn ń fi kún un. Ìwé ìlànà àgbáyé lórí ìdánwò páànẹ́lì sì gbà á wọlé.

Gbogbo èyí gbára lé pé àkọsílẹ̀ wákàtí-wákàtí wà. Níbi tí nọ́ńbà méjì péré wà lójúmọ́, ó di dandan kí wọ́n hun ìyókù. William Parton àti Jesse Logan ní Colorado fi hàn ní 1981 pé a lè fi ìlà tó ń yípo bí ìgbì ya ọ̀sán láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí a sì fi ìlà tó ń yára já wálẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, tó wá ń rọra lọ, ya òru. Orí oko ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wá ìgbóná ilẹ̀. Ẹni tó ń ṣírò sólà yá a lò láìsan èlé. Nígbà tó di 1982, George Hargreaves àti Zohrab Samani ní Utah yí i po: wọ́n lo ìyàtọ̀ àárín ìgbóná òkè àti ti ìsàlẹ̀ láti fojú díwọ̀n oòrùn fúnra rẹ̀, torí omi rírin oko. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí sánmà bá mọ́ ń gbóná gan-an lọ́sàn-án, ó sì ń tutù gan-an lóru. Ìkùukùu ń dín méjèèjì kù. Ní etíkun, òkun kì í jẹ́ kí òru tutù, nítorí náà nọ́ńbà 0.16 tí wọ́n ń lò fún àárín ilẹ̀ di 0.19 níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Nàìjíríà ti lo ọ̀nà yìí lọ́pọ̀ ìgbà, torí tẹmómítà pọ̀ ju ẹ̀rọ tó ń wọn oòrùn lọ. Ọyẹ́ ni kì í jẹ́ kó péye: ní àsìkò yẹn, òru ń tutù nítorí gbígbẹ afẹ́fẹ́, ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru á pọ̀, ìṣirò á sì rò pé oòrùn mọ́ kedere, bẹ́ẹ̀ eruku Sàhárà ti ṣú bo ojú ọ̀run.

Ibi tí wọ́n ti lè wo eruku yẹn dáadáa wà ní Ìlọrin. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé dá ìsọ̀wọ́ ibùdó tó ń wọn oòrùn pẹ̀lú ìṣọ́ra jù lọ sílẹ̀ ní 1992, èyí tí wọ́n ń pè ní BSRN, ibùdó mẹ́sàn-án ló bẹ̀rẹ̀, Yunifásítì Ìlọrin sì wà lára wọn, pẹ̀lú àwọn ibi bí Payerne ní Switzerland àti òpin ayé ní gúúsù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ìlọrin nìkan ni ibùdó BSRN tó wà ní Nàìjíríà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti rí i kedere bí eruku tó ń wá láti àríwá ṣe ń gba lára oòrùn tó yẹ kó kan ilẹ̀.

Ní ọ̀rúndún yìí, àkọsílẹ̀ kò tún dúró de ibùdó mọ́. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ti àjọ ìjọba Yúróòpù ní Ispra, Ítálì, bẹ̀rẹ̀ PVGIS, ètò ìṣirò sólà bíi PVWatts, ní nǹkan bí ọdún 2001, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ dé Áfíríkà. Oòrùn inú rẹ̀ wá láti ọwọ́ sátẹ́láìtì Meteosat tó ń wo ìkùukùu láti òkè. Ìgbóná àti atẹ́gùn wá láti ERA5, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ Yúróòpù, tó ń fi kọ̀ǹpútà hun gbogbo ìwọ̀n tí wọ́n ti ṣe káàkiri ayé pọ̀. Iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, ERA-Interim, wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà ni. ERA5 wá jẹ́ wákàtí kan-kan, ó sì padà sẹ́yìn dé 1940. Kò sí abúlé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní ìgbóná wákàtí-wákàtí nínú rẹ̀ báyìí, yálà tẹmómítà wà níbẹ̀ rí tàbí kò sí.

Àpótí kan nínú ERA5 gba nǹkan bí kìlómítà 31 ní ìbú. Ní Èkó, àpótí kan náà lè kó òkun, ọ̀sà àti ìlú pọ̀, ìgbóná inú rẹ̀ a sì rọ̀ ju ti àdúgbò tí páànù wà lórí páànù. Ìṣòro yìí wà lára ohun tí àwọn ibùdó kéékèèké bí ti TAHMO, tí Nick van de Giesen ní Delft àti John Selker ní Oregon bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, lè dín kù, nítorí wọ́n ń fi ìgbóná ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún láti orí ilẹ̀ gan-an.

Páànẹ́lì náà kò dúró sójú kan. Tẹ́lẹ̀, PVWatts máa ń ka ìdá 0.47 lórí dìgírì fún páànẹ́lì sílíkọ́nì gbogbogbòò, 0.35 fún èyí tó dára jù, àti 0.20 fún ti awọ fẹ́lẹ́. Àwọn páànẹ́lì kan tí wọ́n ń ṣe báyìí, tí wọ́n fi awọ sílíkọ́nì mìíràn bo sẹ́ẹ̀lì níwájú àti lẹ́yìn, kò ju nǹkan bí 0.25 lọ. Ní 60°C, èyí túmọ̀ sí pé ohun tó ń sọnù ti dín láti nǹkan bí ìdá 16 sí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, láti inú àkọsílẹ̀ ìgbóná kan náà.